Ìbò Ẹlẹ́sẹẹsẹ ní Maryland: Ilẹ̀kùn Wo Lẹ Fẹ́ Kàn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, Montgomery County ní Maryland ni mò ń gbé, ó sì ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti gba ìwé ọmọ-ìlú Amẹ́ríkà. Àwọn kan ládùúgbò wa ń polongo pé kí ìpínlẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ ranked choice voting. Wọ́n ní kí n wá bá àwọn ṣe é láàárín àwọn Yorùbá. Mo fẹ́ ṣe é, àmọ́ mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń mú un. Ṣé ìbuwọ́lù la ó máa gbà kiri bí wọ́n ṣe ṣe ní Maine? Ìyá mi tó wà lọ́dọ̀ mi náà máa ń dìbò, Yorùbá nìkan ni wọ́n sì lè kà. Ṣé irú ìbò yìí ò ní dà wọ́n lójú rú?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ló máa ń bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó béèrè. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti ìbuwọ́lù kúrò nílẹ̀. Rárá, kì í ṣe ìyẹn. Ní Maine, ará ìlú lè kọ òfin fúnra wọn, kí wọ́n gba ìbuwọ́lù, kí wọ́n sì gbé e síwájú àwọn olùdìbò láì tọrọ àyè lọ́wọ́ aṣòfin kankan. Òfin Maryland kò fún yín ní irú àyè yẹn. Ohun tí ìbuwọ́lù lè ṣe lọ́dọ̀ yín ni pé kó mú òfin tí àwọn aṣòfin ti ṣe wá síwájú ará ìlú, kí wọ́n lè pa á bí wọn ò bá fẹ́ ẹ. Kò lè dá òfin tuntun sílẹ̀. Annapolis, olú-ìlú Maryland níbi tí àwọn aṣòfin ti ń jókòó, ni ilẹ̀kùn yín wà. Bí àwọn tó pè yín bá ti ń tẹ ìwé ìbuwọ́lù kiri, ẹ rọra bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe.

Ranked choice voting yìí, èmi ń pè é ní ìbò ẹlẹ́sẹẹsẹ, torí pé ńṣe ni olùdìbò á to àwọn olùdíje lẹ́sẹẹsẹ: ẹni tí mo fẹ́ jù, ẹni tó tẹ̀ lé e, ẹni kẹta. Bí ẹnì kan bá kó ju ìdajì ìbò lọ ní ìkà àkọ́kọ́, ó ti parí. Bí kò bá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, a ó yọ ẹni tó gbẹ̀yìn kúrò, a ó sì gbé ìwé àwọn tó dìbò fún un lọ sọ́dọ̀ ẹni kejì tí kálukú wọn kọ. Bẹ́ẹ̀ la ó máa ṣe é títí ẹnì kan á fi kọjá ìdajì nínú ìbò tó kù nílẹ̀.

Bí ẹ bá sọ ọ́ báyìí nípàdé ẹgbẹ́, wọ́n á kàn mi orí ni. Aṣọ ẹgbẹ́ ni mo máa ń fi hàn wọ́n. Ẹgbẹ́ obìnrin kan fẹ́ ṣe àjọ̀dún ogún ọdún, wọ́n sì pè mí. Obìnrin 31 ló wà níjokòó. Léèsì mẹ́ta wà lórí tábìlì: pupa, àwọ̀ ewé, elése àlùkò. Mo pín ìwé pélébé, mo gbé abọ́ mẹ́ta kalẹ̀, mo ní kí kálukú kọ èyí tó wù ú jù sókè, kó kọ èyí tó tẹ̀ lé e sísàlẹ̀. Nígbà tí a kà á, pupa ní 13, àwọ̀ ewé ní 10, elése àlùkò ní 8. Àwọn oní-pupa ti dìde, wọ́n ti ń jó. Ọ̀kan nínú wọn ti ń wá nọ́ńbà oníléèsì rẹ̀ ní Balógun. Mo ní kí wọ́n fara balẹ̀. Nínú ènìyàn 31, àwọn 18 ni kò fi pupa ṣe àkọ́kọ́. Mo gbé abọ́ àlùkò, mo ń ṣí ìwé inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lójú gbogbo wọn, mo ń ka ohun tó wà nísàlẹ̀. Ewé. Ewé. Ewé. Méje nínú mẹ́jọ kọ ewé. Ìkẹjọ kò kọ nǹkan kan síbẹ̀. Àwọ̀ ewé di 17, pupa dúró sí 13, ìwé kan ṣẹ́kù lọ́wọ́ mi tí kò ní ibi tó ń lọ.

Ìyá kan dìde pẹ̀lú gèlè rẹ̀ tó ti ń yẹ̀, ó ní, “Àwa la ṣíwájú o! Báwo lẹ ṣe máa wá mú ẹni ẹ̀yìn?” Mi ò bá a jiyàn. Mo kàn bi í pé: ká ní a ò tilẹ̀ gbé àlùkò dé orí tábìlì yìí rárá, kí ni à bá wọ̀? Ó wo àwọn abọ́ náà, ó fi ìka kà á lórí itan rẹ̀, ó sì jókòó. Ẹnì kejì tó bínú ni ẹni tí ìwé rẹ̀ ṣẹ́kù. Ó ní, “Tèmi ńkọ́?” Mo sọ òtítọ́ fún un. Ìbò rẹ̀ wọlé ní ìkà àkọ́kọ́. Ní ìkà kejì, kò sọ fún wa ibi tí ká gbé e sí. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti kọ ẹyọ kan péré, àmọ́ ó yẹ kó mọ̀ kó tó ṣe é. Ẹ má ṣe fi ìyẹn pamọ́ fún ẹnikẹ́ni tí ẹ bá ń bá sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá fi pamọ́, alátakò yín ló máa sọ ọ́ fún un, ẹ̀yin lẹ ó sì di onírọ́.

“Àwa la ṣíwájú.” Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n gbé lọ sí ilé ẹjọ́ ní Maine ní 2018. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn Maine dáadáa, torí òun ni gbogbo ènìyàn ń tọ́ka sí, ìdajì rẹ̀ ni wọ́n sì máa ń sọ.

Ní 2010, Paul LePage ti ẹgbẹ́ Republican di gómìnà Maine pẹ̀lú nǹkan bíi ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún. Eliot Cutler, tí kò sí lẹ́gbẹ́ òṣèlú kankan, fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba. Libby Mitchell ti Democrat wà lẹ́yìn pátápátá pẹ̀lú nǹkan bíi 19. Ìbínú ọjọ́ náà kò tán nílẹ̀. Òun ni àwọn olùpolongo fi ṣe iná ìdáná: wọ́n gba ìbuwọ́lù, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú olùdìbò ní November 2016 gẹ́gẹ́ bí ìbéèrè karùn-ún lórí ìwé ìdìbò, ó sì wọlé pẹ̀lú ìdá 52. Maine ni ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tí àwọn olùdìbò ti gbà á fún ìdìbò káàkiri ìpínlẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń pa ìtàn náà dé. Ní oṣù May 2017, àwọn adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Maine fohùn ṣọ̀kan pé òfin tuntun yìí ta ko ìwé òfin ìpínlẹ̀ náà, níbi tó ti kan ìdìbò gbogbogbòò fún gómìnà àti àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ló fà á. Ìwé òfin Maine sọ pé ẹni tí ìbò rẹ̀ bá pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ ló wọlé, kò dandan kó kọjá ìdajì. Ọ̀rọ̀ náà kò sì ṣèèṣì débẹ̀. Lẹ́yìn ìdìbò 1879, rògbòdìyàn ta nílé ìjọba Maine débi pé Joshua Chamberlain, ọ̀gágun àtijọ́, ni wọ́n pè láti wá dáàbò bo ilé náà. Ní 1880 ni wọ́n yí òfin ti gómìnà padà, láti kíkọjá ìdajì sí níní ìbò tó pọ̀ jù, kí irú wàhálà bẹ́ẹ̀ má bàa tún ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọdún 1880 ló dìde mú òfin ọdún 2016 lọ́rùn. Títí di òní, àwọn ará Maine ń fi ìbò ẹlẹ́sẹẹsẹ yan olùdíje gómìnà nínú ìdìbò abẹ́lé, wọ́n sì ń fi yan àwọn aṣòfin tó ń lọ sí Washington, àmọ́ wọn kò lè fi yan gómìnà fúnra rẹ̀ ní November. Ipò tí wọ́n torí rẹ̀ bínú ní 2010 gan-an ni òfin wọn kò dé. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rántí.

Ní October 2017, àwọn aṣòfin dá òfin náà dúró di ìparí 2021, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí wọn ò bá tún ìwé òfin ìpínlẹ̀ ṣe kó tó dìgbà náà, kó kú. Àwọn olùpolongo ní ọjọ́ 90 láti gba ìbuwọ́lù 61,123 tó lè dá ọwọ́ aṣòfin dúró. Portland ní Maine ni mò ń gbé nígbà náà, mo sì wà lára àwọn tó gbé tábìlì kalẹ̀ ní ibùdó ìdìbò ní November 7. Ọjọ́ yẹn rọrùn, torí pé olùdìbò ló ń wọlé tó ń jáde. Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òtútù dé. Bírò máa ń dì. Abẹ́ apá la máa ń fi í sí kí yíǹkì rẹ̀ lè yọ́. Akọ̀wé ìlú kọ̀ọ̀kan ló ń yẹ orúkọ àwọn ará ìlú tirẹ̀ wò, nítorí náà ìlú kan, ìwé kan ni. Bí ará Lewiston bá bá yín ní Portland, ìwé Lewiston lẹ gbọ́dọ̀ fà yọ fún un. Ẹni tó gba ìbuwọ́lù sì gbọ́dọ̀ búra níwájú nọ́tárì pé ojú òun ni gbogbo wọn ṣe kọ ọ́. Mo rí àwọn arúgbó tí wọ́n ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn nínú yìnyín pẹ̀lú fáìlì márùn-ún lábẹ́ apá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù February 2018, ìbuwọ́lù tó lé ní 80,000 la kó kalẹ̀. Ní June, àwọn olùdìbò tún gbà á wọlé lẹ́ẹ̀kejì, ó sì jẹ́ ọjọ́ kan náà tí wọ́n kọ́kọ́ fi ìbò ẹlẹ́sẹẹsẹ yan olùdíje nínú ìdìbò abẹ́lé.

Ní November ọdún náà ni “àwa la ṣíwájú” dé. Nínú ìdìbò ilé aṣojú-ṣòfin ní ẹkùn kejì Maine, Bruce Poliquin ní 134,184, Jared Golden ní 132,013, àwọn méjì tí kò lẹ́gbẹ́ òṣèlú sì pín ohun tó lé ní 23,000 láàárín ara wọn. Kò sẹ́ni tó dé ìdajì. Wọ́n kó ìwé ìdìbò láti gbogbo ìlú wá sí Augusta, olú-ìlú Maine, wọ́n yọ àwọn méjì yẹn, wọ́n wo ẹni kejì tí àwọn olólùfẹ́ wọn kọ. Golden di 142,440, Poliquin di 138,931. Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ìdìbò ni èsì jáde. Ìbò tó lé ní 8,000 ló dà bí ìwé obìnrin aláṣọ àlùkò yẹn: kò dé ìkà tó kẹ́yìn. Poliquin pe ẹjọ́, adájọ́ ìjọba àpapọ̀ sì dá a nù ní December.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú nínú ìtàn yìí kọjá pé Maine ṣẹ́gun. Àkọ́kọ́, kí agbẹjọ́rò ka ìwé òfin ìpínlẹ̀ yín kí ẹnikẹ́ni tó tẹ sítíkà kan. Ìkejì, ọjọ́ tí ẹ bá borí ni iṣẹ́ tó le jù bẹ̀rẹ̀, torí àwọn tó pàdánù kò ní lọ sùn. Ìpolongo tó bá tú ká lẹ́yìn ọjọ́ ìdìbò ti fi ọmọ tuntun sílẹ̀ lójú títì ni.

Ẹ wá gbé e wá sí Maryland. Ìwé òfin yín náà sọ nípa gómìnà pé àwọn tí ìbò wọn bá pọ̀ jù ló wọlé. Ó jọ ti Maine gan-an. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé kí a fi òfin lásán gbé ìbò ẹlẹ́sẹẹsẹ wọ ìdìbò gómìnà ní November ń ti yín sínú ihò tí Maine já sí. Láti tún ìwé òfin ṣe, ẹ nílò ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ní ilé méjèèjì, kí gbogbo ará ìlú tó wá dìbò lé e. Ìyẹn jìnnà. Àmọ́ ìdìbò abẹ́lé yàtọ̀, ìdìbò káńsù county (ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ yín) náà yàtọ̀.

Ìdìbò abẹ́lé yẹn gan-an sì ni ojú ọgbẹ́ wà lọ́dọ̀ yín. Ní 2018, Marc Elrich fi ìbò 77 borí David Blair nínú ìdìbò abẹ́lé Democrat fún olórí Montgomery County. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, àwọn méjèèjì tún pàdé, Elrich sì fi ìbò 32 borí. Ènìyàn 32! Mo mọ ṣọ́ọ̀ṣì tí àwọn akọrin wọn pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́ẹ̀méjèèjì, ìbò tí àwọn olùdíje yòókù kó pọ̀ ju àlàfo yẹn lọ fíìfíì, kò sì sẹ́ni tó bi àwọn olùdìbò yẹn pé ta ni ì bá ṣe ẹni kejì yín. Wes Moore, gómìnà yín, ìdá 32 àti díẹ̀ ló fi wọlé nínú ìdìbò abẹ́lé 2022. Ní Baltimore ní 2020, Brandon Scott fi ohun tí kò tó ìdá 30 borí láàárín olùdíje 24. Mi ò sọ pé wọn kì bá borí bí a bá tò ó lẹ́sẹẹsẹ. Ó ṣeé ṣe kí gbogbo wọn tilẹ̀ fi agbára jù bẹ́ẹ̀ lọ wọlé. Ohun tí mò ń sọ ni pé kò sẹ́ni tó mọ̀, àwọn fúnra wọn kò mọ̀. Ìbò 77 àti ìbò 32 yìí ni kí ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ níbikíbi tí ẹ bá dé ní Montgomery, torí ó ṣẹlẹ̀ lójú wọn.

Ọ̀nà tó súnmọ́ jù ni kí Annapolis fún county láyè láti yàn fúnra rẹ̀. Takoma Park, tó wà nínú county yín níbẹ̀, ti ń fi ìbò ẹlẹ́sẹẹsẹ yan olórí ìlú àti káńsù láti 2007, torí pé ìlú lágbára lórí ìdìbò tirẹ̀. County kò lágbára yẹn. Òfin ìpínlẹ̀ ló ń darí ìdìbò rẹ̀. Wọ́n ti gbé àbá tó máa fún Montgomery láyè wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó sì ti kú sọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn já yín láyà. Àwọn aládùúgbò yín ní Virginia ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní 2020, Arlington sì fi yan olùdíje ìgbìmọ̀ county nínú ìdìbò abẹ́lé Democrat ní June 2023. Odò Potomac nìkan ló wà láàárín yín.

Virginia tún wúlò fún ohun mìíràn. Ní 2021, ẹgbẹ́ Republican níbẹ̀ ló fi ìbò ẹlẹ́sẹẹsẹ mú ẹnì kan láàárín olùdíje gómìnà méje. Glenn Youngkin ni wọ́n mú, ó sì di gómìnà. Ẹ sọ èyí fún gbogbo Republican tó bá sọ pé ọgbọ́n Democrat ni. Ìpalára tó tóbi jù tí ìpolongo Maine ṣe fún ara rẹ̀, lójú tèmi, ni bí orúkọ LePage ṣe wà lẹ́nu wa ní gbogbo ìgbà. Ìdajì ìpínlẹ̀ gbọ́ ọ pé àwọn la fẹ́ mú. Mo wà níbẹ̀, èmi náà sọ ọ́, mo kábàámọ̀. Ní Alaska, òfin kan náà tó mú Mary Peltola ti Democrat wọ ilé aṣojú-ṣòfin ní 2022 ló mú Nick Begich ti Republican wọlé ní 2024.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti Alaska tán, torí alátakò tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á gbé e kò yín lójú. Ní August 2022, Peltola, Sarah Palin àti Begich yìí kan náà ni wọ́n jọ du ipò. Begich ṣe ẹ̀kẹta, wọ́n yọ ọ́, Peltola sì borí Palin. Ìwé ìdìbò tí ìjọba gbé jáde fi hàn pé ká ní Begich nìkan ló kojú Peltola, Begich ì bá borí; ká ní òun nìkan ló kojú Palin, ì bá borí náà. Ẹni tí àwọn tó pọ̀ jù lè gbà ni wọ́n kọ́kọ́ yọ. Àléébù gidi ni. Ìbò ẹlẹ́sẹẹsẹ dára ju èyí tí ẹ ní lọ, mo sì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn, àmọ́ ẹni tó bá polongo rẹ̀ bí ẹni ń polówó àgbo gbogboǹṣe máa tẹ́ lọ́jọ́ tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀. Ní 2024, àwọn ará Alaska fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á rẹ́: ìbò tí kò tó 800 ló gbà á là, nínú ohun tó lé ní 300,000.

Ọdún 2024 yẹn burú fún wa. Colorado kọ̀ ọ́, Idaho kọ̀ ọ́ pẹ̀lú nǹkan bíi ìdá 70, Oregon kọ̀ ọ́. Nevada, tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbà á lẹ́ẹ̀mejì kó tó wọ ìwé òfin, gbà á ní 2022, wọ́n sì kọ̀ ọ́ ní 2024. Àwọn ará Missouri tilẹ̀ fòfin dè é. Gbólóhùn tí wọ́n fi síwájú lórí ìwé ìdìbò ni pé ọmọ-ìlú Amẹ́ríkà nìkan ló lè dìbò, ìdè náà sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ tó ti fòfin dè é lé ní mẹ́wàá. Àwọn ará Washington, D.C., tó pààlà pẹ̀lú yín, ló gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Ohun méjì ni mo rí nínú ìpàdánù náà. Ní Colorado, Idaho àti Nevada, ẹrù méjì ni wọ́n dì pọ̀: kí gbogbo olùdíje jọ wọ ìdìbò abẹ́lé kan náà, kí ìbò ẹlẹ́sẹẹsẹ sì tẹ̀ lé e ní November. Ẹni tó fẹ́ ọ̀kan tí kò fẹ́ èkejì dìbò “rárá” sí i. Ní Oregon, àwọn aṣòfin ló gbé e síwájú ará ìlú, wọ́n sì yọ ìdìbò tiwọn kúrò nínú rẹ̀. Ta ló máa jẹ oúnjẹ tí ẹni tó sè é kò fẹ́ tọ́ wò? Bí aṣòfin kan ní Annapolis bá ní òun á ràn yín lọ́wọ́, ẹ wo àbá rẹ̀ bóyá ó yọ ara rẹ̀ sílẹ̀.

Èsì tó ń pẹ́ ni ẹjọ́ tí ẹ ó gbọ́ jù. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ní Maine, ọ̀sẹ̀ méjì ní Alaska. Ní New York ní 2021, àwọn tó ń kà á gbàgbé ìbò ìdánwò tó tó 135,000 sínú ẹ̀rọ, wọ́n gbé èsì jáde, wọ́n sì tún kó o padà. Ènìyàn ló ṣe àṣìṣe yẹn, kì í ṣe ìbò ẹlẹ́sẹẹsẹ, àmọ́ ẹni tó gbọ́ ìròyìn kò mọ ìyàtọ̀. Àwa tí a ti Nàìjíríà wá mọ ohun tó máa ń wà lọ́kàn ènìyàn tí èsì bá pẹ́. Ẹ sọ ọ́ fún wọn ṣáájú pé ó lè pẹ́, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀: ìwé tó wá nípasẹ̀ ilé-ìfìwéránṣẹ́ gbọ́dọ̀ pé kí a tó mọ ẹni tó gbẹ̀yìn.

Ó dájú pé àgbàlagbà kan máa dìde láàárín yín, á ní, “Ṣé twelve two-thirds tún ni?” Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè gidi ni. Ohun tó gbé Awólọ́wọ̀ àti Shàgàrí dé ilé ẹjọ́ ní 1979 ni pé ta la lè pè ní ẹni tí ìlú yàn. Ọ̀nà ti Nàìjíríà ni kí olùborí ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò káàkiri ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀, bí kò bá rí i, kí a tún ìbò dì. Ìbò ẹlẹ́sẹẹsẹ kò béèrè ibi tí ìbò ti wá. Àtúndì ìbò yẹn ló kó sínú ìwé kan ṣoṣo, kí ìyá arúgbó má bàa tún jáde lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ sọ ọ́ báyìí fún bàbá náà, ẹ ó rí i pé òun ló máa ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn yòókù.

Ní ti iṣẹ́ gan-an: ọjọ́rú kejì nínú January ni ilé aṣòfin Maryland máa ń wọlé, ọjọ́ 90 péré ni wọ́n fi ń jókòó. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ní January ti pẹ́. Ìgbà ìwọ́wé ni kí ẹ ti máa kàn sí sẹ́nétọ̀ yín àti àwọn aṣojú yín mẹ́ta, torí ìgbà yẹn ni àwọn aṣojú Montgomery máa ń gbọ́ àbá tó kan county yín nìkan. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ á forúkọ sílẹ̀ ṣáájú, ìṣẹ́jú bíi méjì ni wọ́n sì máa fún un. Ẹ má lo ìṣẹ́jú méjì yẹn láti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń kà á. Wọ́n ti mọ̀. Ẹ sọ orúkọ àdúgbò yín, iye ọdún tí ẹ ti ń dìbò, àti ìbò 32.

Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn wa tí wọ́n ní green card. Wọ́n lè kọ̀wé sí aṣòfin, wọ́n lè sọ̀rọ̀ nípàdé, wọ́n lè bá yín pín ìwé. Wọn kò gbọdọ̀ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ìpínlẹ̀ tàbí ti ìjọba àpapọ̀, torí ó lè lé wọn kúrò lórílẹ̀-èdè yìí. Takoma Park gba àwọn tí kì í ṣe ọmọ-ìlú láyè láti dìbò ìlú náà nìkan. Kí wọ́n má fi ìyẹn da ara wọn lójú níbòmíràn. Bí pásítọ̀ tàbí lẹ́mọ́ọ̀mù bá fún yín láyè, ọ̀rọ̀ àbá òfin ni kí ẹ sọ níwọ̀nba, ẹ má ṣe dárúkọ olùdíje kankan.

Ó ku Màmá. Òfin ìjọba àpapọ̀ tó ní kí wọ́n tẹ ìwé ìdìbò ní èdè mìíràn kò kan èdè Áfíríkà kankan, nítorí náà ẹ má retí ìwé Yorùbá. Àmọ́ òfin kan náà sọ pé ẹni tí kò lè ka ìwé náà lè mú ẹnikẹ́ni tó bá fọkàn tán wọlé láti ràn án lọ́wọ́, bí kò bá ti jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ tàbí aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin lè bá wọn wọlé. Ìwé ìbò ẹlẹ́sẹẹsẹ máa ń dà bí pátákó ayò: orúkọ àwọn olùdíje wà lápá òsì, ipò 1, 2, 3 wà lókè, bọ́tìnnì kékeré sì wà níbi tí wọ́n ti pàdé, èyí tí wọ́n máa fi bírò kùn. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ìyá wa ni kí wọ́n kun ẹnì kan ṣoṣo sí ipò gbogbo, pé àwọn fẹ́ ẹ gidigidi. Kò pa ìbò náà, àmọ́ kò sọ ọ́ di mẹ́ta. Ẹyọ kan náà ni. Èyí tó burú ni kí wọ́n kun ẹni méjì sí ipò kan, torí ìbò náà kò ní ṣeé kà ní ipò yẹn.

Ẹ fa irú pátákó yẹn sórí ìwé ńlá, ẹ kọ orúkọ aṣọ mẹ́ta sí i, kí Màmá kùn ún nílé lẹ́ẹ̀méjì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà, kí ẹ mú wọn dání lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣe. Kí àwọn ni wọ́n gbé abọ́ ẹni tó gbẹ̀yìn, kí wọ́n máa ṣí ìwé inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa kà á sókè ní Yorùbá. Bí ẹ bá ti mọ ọjọ́ tí àwọn aṣojú Montgomery máa jókòó, ẹ kọ̀wé sí mi. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú méjì yín ránṣẹ́, màá bá yín kà á.